Géèmù àti irinṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì ní kíláàsì Faransé àti Lárúbáwá: kí ló ń ṣiṣẹ́ níbi tí ọmọ 45 wà pẹ̀lú kọ̀ǹpútà kan?

Tíṣà_Ọ̀fà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Kíláàsì Faransé JSS 2 ni, ọmọ 45, pẹ́ríọ̀dù 2 lọ́sẹ̀, ìṣẹ́jú 40 ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ohun èlò tó wà nílẹ̀ kò ju kọ̀ǹpútà alágbèéká kan, fóònù tíṣà, àti tẹlifíṣọ̀n ínṣì 32 lọ. Àwọn ọmọ ò gbọdọ̀ mú fóònù wá sílé-ìwé. Iná ń wá, iná ń lọ.

Gbogbo ohun tí mo ń kà nípa géèmù fún kíkọ́ èdè ló ti gbà pé ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀rọ tirẹ̀ níwájú. Kí ni èèyàn lè lò nínú irú kíláàsì tiwa yìí, tí Faransé yóò fi máa ti ẹnu àwọn ọmọ jáde, tí kò ní jẹ́ ariwo àti bọ́tìnnì lásán? Ẹ má kàn dárúkọ áàpù fún mi, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, kí ẹ sì sọ ibi tó ti máa ń daṣẹ́ sílẹ̀.

Alátúnṣe_Tánkẹ̀

Kí a tó dé orí géèmù, ẹ jẹ́ ká yanjú ọ̀rọ̀ iná, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ irú ètò yìí ti ń kú.

Tẹlifíṣọ̀n yẹn dára ju pírójẹ́kítọ̀ lọ. LED ínṣì 32 kì í mu ju nǹkan bíi wáàtì 50 lọ, kọ̀ǹpútà alágbèéká á mu 45 sí 65. Pírójẹ́kítọ̀ nìkan lè mu 250 sí 300. Ká ní ilé-ìwé ní bátìrì ínfátà 12V, 200Ah. Lórí ìwé, wáàtì-wákàtí 2,400 ló wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n bátìrì olómi kò yẹ kó lọ sísàlẹ̀ ju ìdajì lọ bí a kò bá fẹ́ kó tètè kú. Ó ku 1,200. Ínfátà fúnra rẹ̀ á jẹ díẹ̀ níbẹ̀, ẹ ka 1,000. Tẹlifíṣọ̀n àti kọ̀ǹpútà á lo bíi wákàtí 9 lórí ìyẹn. Pírójẹ́kítọ̀ àti kọ̀ǹpútà kan náà, wákàtí 3 ni, ó tiẹ̀ lè má pé.

Èkejì ni hotspot, ìyẹn fífi fóònù pín íntánẹ́ẹ̀tì fún ẹ̀rọ mìíràn. Púpọ̀ nínú fóònù Android kì í gba ju ẹ̀rọ 8 tàbí 10 lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀rọ kọkànlá á kàn máa wá ọ̀nà wọlé títí ni, àwọn èèyàn á sì máa bú nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Torí náà, ohunkóhun tó bá ní kí ọmọ 45 wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ yáa gbàgbé rẹ̀. Ẹ wá ohun tó ń lo ẹ̀rọ kan, tàbí ohun tí ẹ lè fi dátà gbé wálẹ̀ nílé tí yóò máa ṣiṣẹ́ ní kíláàsì láìsí íntánẹ́ẹ̀tì.

Mádàmù_ÒmùÀrán

Tíṣà Ọ̀fà, ẹ kú ìbéèrè gidi. Ohun tó bá kíláàsì yín mu jù ni Plickers. Fóònù kan ṣoṣo ló ń lò, ti tíṣà. Bébà ló wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ.

Bó ṣe ń lọ rèé. Ẹ ó forúkọ sílẹ̀ lórí ojú-òpó wọn, ẹ ó tẹ káàdì jáde. Káàdì kọ̀ọ̀kan ní àwòrán dúdú kan tí kò jọ ti òmíràn, nọ́ńbà wà lára rẹ̀, lẹ́tà A, B, C, D sì wà létí rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ọmọ tó jẹ́ nọ́ńbà 17 nínú rẹ́jísítà ni yóò máa lo káàdì 17 títí táàmù yóò fi parí. Bí ẹ bá béèrè ìbéèrè, ọmọ tó gbà pé B ni ìdáhùn á yí káàdì rẹ̀ títí B yóò fi wà lókè, á gbé e síwájú àyà. Ẹ ó na kámẹ́rà fóònù sí wọn, ẹ ó rọra yí i láti òsì lọ sí ọ̀tún, ìdáhùn ọmọ kọ̀ọ̀kan á máa jáde lójú fóònù yín. Lẹ́tà etí káàdì kéré gan-an, ẹni tó jókòó tini kò lè fi bẹ́ẹ̀ rí i wò. Ohun tí mo fẹ́ràn jù níbẹ̀ nìyẹn: ọmọ tí ojú ń tì náà á dáhùn.

Ibi tó ti ń bàjẹ́: ìdì káàdì tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ fún èèyàn, 40 péré ni, kò ní tó ọmọ 45. Oní-63 ni kí ẹ tẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí kádíbọ́ọ̀dù, torí bébà lásán máa ń ká kò, kámẹ́rà kò sì ní rí i kà. Bí ẹ bá fẹ́ fi ọ̀rá bò ó, ọ̀rá tí kò dán ni kí ẹ lò. Èyí tó ń dán á máa tan ìmọ́lẹ̀ padà sójú kámẹ́rà. Ẹ kọ́ àwọn ọmọ láti di etí káàdì mú, kí ìka wọn má bo ibi dúdú. Tíṣà ni kó kọ ẹ̀yìn sí fèrèsé, kí ìmọ́lẹ̀ lè bọ́ sí ojú káàdì. Bó bá jẹ́ àwọn ọmọ ni wọ́n kọ ẹ̀yìn sí i, gbogbo káàdì á di dúdú.

Ó ń lo dátà, ṣùgbọ́n díẹ̀ ni, torí ọ̀rọ̀ lásán ló ń lọ tó ń bọ̀. Bí iná bá lọ tí tẹlifíṣọ̀n kú, ẹ ka ìbéèrè jáde lẹ́nu, ẹ máa fi fóònù yàwòrán káàdì lọ.

Tíṣà_Ọ̀fà

Ẹ ṣeun gan-an, Mà. Ṣùgbọ́n A, B, C, D ṣì ni. Báwo ni ọmọ ṣe máa fi ìyẹn sọ̀rọ̀?

Mádàmù_ÒmùÀrán

Ọ̀nà méjì ni mo mọ̀ tó dájú.

Àkọ́kọ́, ẹ fi í kọ́ etí wọn ná. Yorùbá kò ní v, kò ní z, kò sì ní ohùn u ti Faransé tó wà láàárín i àti u tiwa. Ọmọ tí kò gbọ́ ìyàtọ̀ kò lè sọ ọ́. Ẹ mú ọ̀rọ̀ méjì-méjì tó jọra: *ils vont* àti *ils font*, *poisson* àti *poison* (ẹja ni ọ̀kan, májèlé ni èkejì), *dessus* àti *dessous*, *rue* àti *roue*. Ẹ gba ohùn àwọn tó ni èdè náà wálẹ̀ láti ojú-òpó Forvo tàbí Wiktionnaire. Ẹ fún fáìlì kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, ẹ máà fún un ní orúkọ, kí ìdáhùn má baà hàn lójú tẹlifíṣọ̀n. Ohùn 12 ti tó fún ìṣẹ́jú 10. A ni *vont*, B ni *font*: ẹ tẹ ohùn, wọ́n gbé káàdì, ẹ yàwòrán. Ẹ má fi ẹnu ara yín sọ ọ́ ní àkọ́kọ́, torí ètè yín ni wọ́n máa wò. Nígbà tí wọ́n bá gbọ́ ọ tán, ẹ wá yí i padà: ọmọ kan dúró síwájú, ó sọ ọ̀kan nínú méjèèjì, kíláàsì ló gbé káàdì ohun tí wọ́n gbọ́. Bí ìdajì bá gbé A tí ìdajì gbé B, ọmọ náà á mọ̀ fúnra rẹ̀ pé v rẹ̀ kò tíì yọ. Ẹ ò ní bá a wí rárá.

Ìkejì, ìdìbò ẹ̀ẹ̀mejì. Eric Mazur, olùkọ́ fisiksi ní Harvard, ló sọ ọ̀nà yìí di mímọ̀ ní àwọn ọdún 1990. Ẹ béèrè, wọ́n gbé káàdì, ẹ má sọ ìdáhùn. Bí àwọn tó gbà á bá wà láàárín 30 sí 70 nínú ọgọ́rùn-ún, ẹ ní kí oníkálukú yíjú sí ẹnìkejì rẹ̀ kó sọ ìdí tó fi mú tirẹ̀, ìṣẹ́jú 2, lẹ́yìn náà kí wọ́n tún gbé káàdì. Bí àwọn tó gbà á kò bá pé 30, ẹ̀kọ́ ni kò yé wọn, ẹ tún un kọ́. Bí wọ́n bá ju 70 lọ, ẹ tẹ̀ síwájú. Fún JSS 2, ẹ kọ gbólóhùn tí wọ́n máa fi jiyàn sára pátákó: *Je pense que c'est… parce que…* Kí Faransé wà níbẹ̀, kó tiẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ márùn-ún péré.

Igbákejì_Ọ̀gá_Ìlọrin

Ẹ kú àlàyé, Mà. Ẹ jẹ́ kí n fi Kahoot, géèmù ìbéèrè àti ìdáhùn orí íntánẹ́ẹ̀tì, kún un, torí àwọn ilé-ìwé kan ní yàrá kọ̀ǹpútà. Ètò ẹgbẹ́ wà níbẹ̀ tí ẹ̀rọ kan fi ń tó ọmọ 5 tàbí 6, ó sì ń fún ẹgbẹ́ ní àsìkò láti jíròrò kí aago tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ 8 fún ọmọ 45, ó bá ohun tí Alátúnṣe sọ nípa hotspot mu. Àwọn ọmọ fẹ́ràn rẹ̀ dé góńgó.

Ọ̀rọ̀ orúkọ ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Bí ẹ bá ní kí wọ́n yan orúkọ ìnagijẹ fúnra wọn, èébú lẹ ó rí lójú tẹlifíṣọ̀n. Ibi kan wà níbi ètò tí ẹ ti lè ní kí áàpù fúnra rẹ̀ máa fún wọn lórúkọ. Ẹ má sì kó orúkọ ọmọ àti ti bàbá rẹ̀ sórí irú ojú-òpó bẹ́ẹ̀. Nọ́ńbà rẹ́jísítà ti tó. Òfin ìdáàbòbò dátà ti Nàìjíríà ti wà láti 2023, ti ọmọdé sì nípọn jù nínú rẹ̀: òbí ló ní àṣẹ.

Mádàmù_ÒmùÀrán

Igbákejì, ẹ ṣeun. Ti orúkọ yẹn, òótọ́ pọ́ńbélé ni. Ṣùgbọ́n mo ní àríyànjiyàn lórí Kahoot fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ èdè, máàkì rẹ̀ ló sì fà á.

Ìdáhùn tó tọ́ lè gba tó 1,000 bí ó bá yá gan-an, ó sì ń já wálẹ̀ títí dé 500 bí aago ṣe ń tán lọ. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Aago 20 ìṣẹ́jú àáyá: ọmọ tó tẹ̀ ẹ́ ní ìṣẹ́jú àáyá 2 gba 950, ọmọ tó ka gbólóhùn náà tán, tó wo bóyá ọ̀rọ̀-orúkọ náà jẹ́ *le* tàbí *la*, tó wá tẹ̀ ẹ́ ní 18, gba 550. Àwọn méjèèjì ló gbà á o! Ìbéèrè mẹ́rin péré, ẹni tó ń ronú ti fi 1,600 kẹ́yìn. Láti ìgbà náà lọ, kò ní ronú mọ́, yóò máa méfò ni, torí méfò ń san owó fún un.

Àtúnṣe rẹ̀ rọrùn. Ẹ gbé aago sí 120. Ọmọ tó lo 18 yẹn á gba 925, àlàfo tó wà láàárín òun àti ẹni tó yára á di kékeré. Tàbí kí ẹ yọ máàkì kúrò lórí ìbéèrè tó gba ìrònú, kí ẹ fi sílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti mọ̀ dunjú. Ẹ rántí pé ìbéèrè kò gbọdọ̀ ju àmì 120 lọ, ìdáhùn kò gbọdọ̀ ju 75 lọ. Kò sí ibi tí àyọkà gidi lè gbà wọlé níbẹ̀. Ohun tí Kahoot wà fún ni ìgbà tí ẹ̀kọ́ bá parí, ìṣẹ́jú 8 ìkẹyìn, láti fi ohun tí wọ́n ti mọ̀ le mọ́ wọn lórí.

Ti Blooket, géèmù ìbéèrè mìíràn níbi tí ọmọ ti lè jí góòlù ẹlòmíràn, ìgbádùn olè jíjà ni wọ́n máa rántí, kì í ṣe Faransé. N kì í gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn rẹ̀.

Alfa_Òkèlélè

Àsàlámù àlékúm, ẹ̀yin èèyàn mi. Gbogbo ohun tí Mádàmù sọ nípa etí bá Lárúbáwá mu pẹ́kípẹ́kí. Ọmọ ilé-kéwú tó ti ka Àlùkùránì dáadáa ṣì lè máa pe قَلْب bíi كَلْب, ọkàn di ajá. سَيْف àti صَيْف náà ńkọ́, idà àti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Káàdì Plickers á ṣe iṣẹ́ ńlá níbẹ̀.

Àmọ́ àwọn irinṣẹ́ yìí ní wàhálà ọ̀tọ̀ fún wa, kí ẹni tó fẹ́ lò wọ́n mọ̀ ọ́n ṣáájú. Bí ẹ bá ní kí ọmọ tẹ ìdáhùn fúnra rẹ̀, ẹ̀rọ ń wò ó lẹ́tà sí lẹ́tà. Ẹ kọ مَدْرَسَة pẹ̀lú fatha àti sukun, ọmọ tẹ مدرسة, ẹ̀rọ á ní ó ṣì í. Bẹ́ẹ̀ náà ni ا dípò أ, ه dípò ة, ى dípò ي. Ẹ ṣe é báyìí: ẹ kọ ìdáhùn láìsí hárákátì (àmì orí àti ìsàlẹ̀ lẹ́tà, bíi fatha àti sukun), kí ẹ sì to gbogbo oríṣi tí ọmọ lè gbà tẹ̀ ẹ́ sínú àyè ìdáhùn tó tọ́. Hárákátì, ìbéèrè ọlọ́nà mẹ́rin ni kí ẹ fi dán an wò.

Lẹ́tà náà gbọ́dọ̀ tóbi. Hárákátì tó hàn dáadáa lórí kọ̀ǹpútà yín kò ní hàn láti ìjókòó ẹ̀yìn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 44, ẹ fi àlàfo tó dára sáàárín ìlà, ẹ lo fọ́ńtì Amiri tàbí Scheherazade New, ọ̀fẹ́ ni méjèèjì. Ẹ má sì da Yorùbá àti Lárúbáwá pọ̀ sórí ìlà kan. Àmì ìbéèrè á fò lọ sí apá ibi tí kò yẹ, nọ́ńbà á yí padà, gbólóhùn á dojú rú. Yorùbá lórí ìlà tirẹ̀, Lárúbáwá lórí ìlà tirẹ̀.

Ọmọ_Ìgbómìnà

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin àgbà. Ẹ jẹ́ kí n mú Twine wá. Ìtàn alẹ́ka ló wà fún: òǹkàwé yan ohun tó fẹ́ ṣe, ìtàn gba ibẹ̀ lọ. Ọ̀fẹ́ ni, ó ti wà láti 2009, ohun tó sì ń gbé jáde kò ju fáìlì HTML kan ṣoṣo lọ tó ń ṣí lórí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà èyíkéyìí láìsí dátà.

Fún Faransé ní Kwara, ìtàn ti wà nílẹ̀ fún wa: ìrìnàjò láti Ìlọrin gba Báruten dé ẹnubodè Chikanda, kí a sì wọ Nikki ní orílẹ̀-èdè Benin. Ibẹ̀, Faransé ni èdè ìjọba, owó CFA sì ni wọ́n ń ná.

Bí ẹ ṣe máa kọ́ ọ: ẹ ṣí ìtàn tuntun, àpótí kan á wà níbẹ̀. Àpótí kọ̀ọ̀kan jẹ́ ibì kan nínú ìtàn. Nínú àpótí ibodè, ẹ kọ ohun tí ọ̀gá kọ́sítọ́ọ̀mù sọ: *Bonjour. Vos papiers, s'il vous plaît.* Lábẹ́ rẹ̀ ẹ wá fi ọ̀nà tí akẹ́kọ̀ọ́ lè gbà lélẹ̀. Ọ̀nà kọ̀ọ̀kan wà nínú àmì igun méjì-méjì, báyìí:

[[Bonjour, monsieur. Voici mon passeport.->wole]]
[[Tu veux quoi ?->wahala]]

Ohun tó wà ṣáájú ọfà ni akẹ́kọ̀ọ́ ń rí, ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni orúkọ àpótí tó ń lọ. Nínú *wahala*, ọ̀gá náà á le ojú: *On ne se connaît pas, jeune homme. On dit « vous ».* Á dá a padà sí ibodè. Àwọn ọmọ wa tí wọn kì í pe àgbà ní “ìwọ” á tètè gbọ́ ìyẹn yé. Lẹ́yìn náà, ọjà Nikki: akẹ́kọ̀ọ́ ní fàráǹkì 5,000, ó gbọ́dọ̀ ná aṣọ, kó ra oúnjẹ, kí owó ọkọ̀ sì kù sí i lọ́wọ́. Twine lè máa ṣírò owó náà fún un, kó sì ti ilẹ̀kùn kan pa bí owó kò bá tó.

Àpótí 12 sí 15 tó fún ẹ̀kọ́ kan. Ẹ má ṣe 60 lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ ò ní parí rẹ̀.

Ibi tó ti ń bàjẹ́: orúkọ àpótí gbọ́dọ̀ bára mu, lẹ́tà ńlá àti kékeré. Bí ẹ bá kọ *Wole* níbì kan, *wole* níbòmíràn, Twine á ṣẹ̀dá àpótí tuntun tó ṣófo, ọmọ á sì já sí ojú ewé funfun. Lẹ́tà lásán ni kí ẹ fi sọ orúkọ àpótí, láìsí àmì kankan lórí tàbí lábẹ́. Pàtàkì jù: bí ẹ bá ń lò ó nínú búráúsà, inú búráúsà náà ni ìtàn yín ń gbé. Ọjọ́ tí ẹnìkan bá nu dátà búráúsà nù lórí kọ̀ǹpútà yẹn, gbogbo iṣẹ́ yín bá a lọ. Ẹ máa gbé ẹ̀dà rẹ̀ sórí fláàṣì ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá parí.

Mádàmù_ÒmùÀrán

Ọmọ Ìgbómìnà, orí ẹ pé! Àmọ́ bí Faransé bá ti wà lójú tẹlifíṣọ̀n, títẹ̀ nìkan ló kù fún wọn, ohun tí Tíṣà Ọ̀fà sì bẹ̀rù nìyẹn. Yí i díẹ̀. Kọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe sínú línkì ní Yorùbá: “Kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, kí o fún un ní ìwé rẹ.” Ẹgbẹ́ tí ọ̀rọ̀ kàn gbọ́dọ̀ sọ ọ́ jáde ní Faransé kí tíṣà tó tẹ̀ ẹ́. Faransé tó péye á wá hàn lókè ojú ewé tó tẹ̀ lé e, kí wọ́n lè fi wé ohun tí wọ́n sọ. Ẹgbẹ́ 9, ọmọ 5-5, ẹnu ẹlòmíràn ní ìgbà kọ̀ọ̀kan. Báyìí, tẹlifíṣọ̀n kan àti ọwọ́ tíṣà kan ti tó, ẹnu ló sì ń ṣe géèmù náà. Ó tún ń múra wọn sílẹ̀ fún apá ọ̀rọ̀-ẹnu nínú Faransé WAEC, tí ọ̀pọ̀ ilé-ìwé máa ń pa tì títí ó fi ku ọ̀sẹ̀ díẹ̀.

Ọmọ_Ìgbómìnà

Mo gbà, Mà. Ó dára ju bí mo ṣe sọ ọ́ lọ.

Alátúnṣe_Tánkẹ̀

Ẹ̀yin tó ní kọ̀ǹpútà Windows, ẹ má gbàgbé Hot Potatoes, ètò tí ẹ fi ń ṣe ìdárayá èdè. Ìdí Half-Baked Software ní Kánádà ló ti wá, wọ́n sì ti sọ ọ́ di ọ̀fẹ́ láti 2009. Kò lẹ́wà, ṣùgbọ́n ó fúyẹ́, ó sì ń gbé ojú ewé HTML jáde gẹ́gẹ́ bíi Twine. JMix rẹ̀ ń da ọ̀rọ̀ inú gbólóhùn rú kí ọmọ tún un tò. Ó dára fún *ne… pas*: *Je / ne / mange / pas / de / viande*.

Bí gbólóhùn bá ní ju ọ̀nà kan lọ, ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sínú àyè àfikún. *Nous irons au marché demain* àti *Demain nous irons au marché* tọ̀nà bákan náà, ṣùgbọ́n bí ẹ bá kọ ọ̀kan ṣoṣo, ẹ̀rọ á ní èkejì kò dáa, ọmọ tó mọ̀ ọ́n á wá rò pé òun kò mọ̀ ọ́n. Irú àṣìṣe ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ burú ju kí èèyàn má lo ẹ̀rọ rárá lọ. Kí ẹlòmíràn dán gbogbo ìdárayá wò kí ó tó dé ọwọ́ ọmọ.

Tíṣà_Ọ̀fà

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Ìbéèrè méjì ló kù. Báwo ni a ṣe ń tètè tẹ é, è, ç lórí kọ̀ǹpútà? Kí sì ni àwọn ọmọ lè máa ṣe nílé, níbi tí fóònù òbí wà nígbà míì?

Alátúnṣe_Tánkẹ̀

Kíìbọ́ọ̀dù: lórí Windows, ẹ lọ sí ètò èdè, ẹ fi United States-International kún un. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ tẹ ' kí ẹ tó tẹ e, é ló máa jáde. ` àti e, è. ^ àti e, ê. ' àti c, ç. Bí ẹ bá fẹ́ ' lásán, ẹ tẹ̀ ẹ́ kí ẹ tẹ àlàfo tẹ̀ lé e. Ẹni tí kò mọ ìyẹn á rò pé kíìbọ́ọ̀dù ti bàjẹ́. Bó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn, Alt àti 0233 ni é, 0232 ni è, 0231 ni ç, apá nọ́ńbà tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún ni kí ẹ fi tẹ̀ ẹ́. Lórí fóònù, ẹ kàn di e mú pẹ́ díẹ̀.

Bí ẹ bá to ọ̀rọ̀ sínú Excel láti kó o lọ sínú áàpù mìíràn, “CSV UTF-8” ni kí ẹ yàn nígbà tí ẹ bá ń tọ́jú rẹ̀. Bí ẹ bá mú CSV lásán, *é* inú *école* lè di àmì ìbéèrè tàbí àmì tí kò ní ìtumọ̀.

Ọmọ_Ìgbómìnà

Ti ilé, AnkiDroid ni mo fẹ́ràn. Káàdì ọ̀rọ̀ ni, ọ̀fẹ́ ni lórí Android, kò sì nílò íntánẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn tí ẹ bá ti gbé e sórí fóònù. Ọ̀rọ̀ tó le fún ọmọ á máa padà wá kíákíá, èyí tó mọ̀ á pẹ́ kó tó padà. Tíṣà á ṣe ìdì káàdì kan sórí kọ̀ǹpútà, á fi Bluetooth pín in bíi fáìlì lásán.

Ẹ dín káàdì tuntun kù. 20 lójúmọ́ ló wà níbẹ̀ láti ìpilẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, èyí tó yẹ kí ọmọ tún wò á ti di òkè, á sì pa á tì. 5 ti tó. Kí ọ̀rọ̀-orúkọ má wà láìsí *le* tàbí *la* rẹ̀, torí Yorùbá kò pín ọ̀rọ̀ sí akọ àti abo, wọn ò lè méfò rẹ̀. Àwòrán ní iwájú, *la chèvre* àti ohùn ní ẹ̀yìn.

Igbákejì_Ọ̀gá_Ìlọrin

Kí ẹ má fi máàkì sórí ohun tó nílò fóònù òbí. Ọmọ tí òbí rẹ̀ ń lo fóònù alátẹ̀ kékeré á kàn máa pàdánù láìṣẹ̀. Fún irú wọn, àpótí Leitner wà: Sebastian Leitner ti Jámánì ló gbé e jáde ní 1972, ìlànà kan náà tí Anki ń tẹ̀ lé ni. Páálí kan tí a pín sí ọ̀nà 5. Káàdì tí ọmọ bá mọ̀ bọ́ sí ọ̀nà tó tẹ̀ lé e, èyí tí kò bá mọ̀ padà sí àkọ́kọ́. Ọ̀nà kìn-ín-ní lójoojúmọ́, ìkejì ní ọjọ́ méjì-méjì, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ọ̀rọ̀ inú páálí àti ti AnkiDroid jẹ́ ọ̀kan náà, kí ìdánwò kíláàsì lè bá gbogbo wọn dọ́gba.

Alfa_Òkèlélè

Ọmọ Ìgbómìnà, Twine yẹn, ṣé ó ń gba Lárúbáwá? Ìrìnàjò ọjà bẹ́ẹ̀ á dára fún àwọn ọmọ tí wọ́n mọ ìwé kà ṣùgbọ́n tí wọn ò lè tajà, rajà ní èdè náà.

Ọmọ_Ìgbómìnà

Ó ń gbà á, Alfa. Apá òsì ló máa ń bẹ̀rẹ̀, ẹ kàn ní láti yí i. Nínú ìtàn náà, ẹ wá ibi tí wọ́n pè ní Stylesheet, ẹ lẹ èyí mọ́ ọn:

tw-passage { direction: rtl; text-align: right; font-size: 150%; line-height: 2; }

Orúkọ àpótí, ẹ jẹ́ kó wà ní lẹ́tà ABD lásán bíi *oja1*, *oja2*. Ọfà inú línkì lè dà bíi pé ó kọjú síbi tí kò yẹ nígbà tí ẹ bá ń kọ ọ́, torí Lárúbáwá ń ti ọ̀tún bọ̀; ẹ má fọwọ́ kàn án, á ṣiṣẹ́ bí ẹ bá gbé e jáde. Kí línkì wà ní Yorùbá bí Mádàmù ṣe wí, kí Lárúbáwá hàn lẹ́yìn tí ọmọ bá ti sọ ọ́. Kí ẹ tó gbé e wọ kíláàsì, ẹ ṣí i lórí Android tó ti pẹ́ jù nínú ilé, ibẹ̀ ni ẹ ó ti mọ̀ bóyá hárákátì dúró síbi tó yẹ.

Tíṣà_Ọ̀fà

Ẹ ṣeun púpọ̀. Bí mo ṣe máa tò ó rèé, ẹ tún un ṣe fún mi níbi tó bá wọ́. Pẹ́ríọ̀dù kìn-ín-ní: Plickers lórí *vont* àti *font*, ohùn 12, ìṣẹ́jú 10, àwọn ọmọ gba ipò tíṣà fún ìṣẹ́jú 10, ìyókù lórí ìwé. Pẹ́ríọ̀dù kejì: ibodè Chikanda lórí tẹlifíṣọ̀n, ẹgbẹ́ 9, àpótí 12.

Mádàmù_ÒmùÀrán

Ó dáa. Kìkì pé kí ẹ ṣe àpótí 8 fún ìgbà àkọ́kọ́. Ẹgbẹ́ 9 tí wọ́n ní láti sọ̀rọ̀ jáde kí wọ́n tó tẹ̀ síwájú kì í yára, ìṣẹ́jú 40 á sì tán kí ẹ tó dé Nikki.